Kí ni mẹ́táàlì ń ṣe lára benzene? Ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkòròdú

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì ni mí, mo ti wà ní ọdún àṣekágbá, Odógunyàn ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Olùkọ́ wa sọ pé chlorine tó wà lára benzene, òrùka carbon mẹ́fà, kì í fẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé chromium lé òrùka náà lórí, wẹ́rẹ́ ni chlorine yóò bọ́. Wọ́n ní palladium náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó rú mi lójú ni pé nínú nóòtì wa, ohunkóhun tó bá ń fa electron kúrò lára benzene, ńṣe ló ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Chromium yìí ń fa electron, wọ́n tún wá ní ó ń ta á jí. Ṣé òrùka náà ló ń fọ́ ni? Ṣé iṣẹ́ kan náà ni mẹ́táàlì méjèèjì ń ṣe? Ǹjẹ́ mo lè fi ṣe project ní láàbù wa? Àbúrò bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi chromium bo irin ní kí n má sún mọ́ ọn rárá.”

Ọmọ mi, nóòtì yín kò parọ́, olùkọ́ yín náà kò parọ́. Ohun tí nóòtì kò sọ ni pé bí a bá ní nǹkan kan sọ benzene di ọ̀lẹ, ó yẹ ká béèrè pé ọ̀lẹ sí ta ni. Oríṣi èròjà méjì ló máa ń kọlu òrùka yìí. Ọ̀kan ni electrophile, tí ebi electron ń pa. Èkejì ni nucleophile, tí electron kún ọwọ́ rẹ̀, tó ń wá ibi tí yóò sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa benzene, láti orí nitration títí dé ti Friedel àti Crafts, ti electrophile ni. Nítorí náà, nígbà tí nóòtì bá sọ pé nitro (nitrogen kan tó gbé oxygen méjì) ń sọ òrùka di ọ̀lẹ, electrophile ló ń bá wí. Ti nucleophile yàtọ̀ pátápátá. Mú chlorobenzene lásán, ìyẹn benzene tó gbé chlorine kan, kí nitro kan wà ní ipò kẹrin sí chlorine, chlorine tó ti ń ṣagídí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Electron tí nitro fà lọ ló mú kí òrùka sú electrophile, òun náà ló sì mú kó wu nucleophile. Irú iṣẹ́ tí chromium ń ṣe nìyẹn, àmọ́ chromium kò so ara rẹ̀ mọ́ carbon kan ṣoṣo bíi ti nitro. Ó gun orí òrùka ni, ó sì di carbon mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Jẹ́ kí n sọ ìdí agídí benzene ná, torí bí ìyẹn kò bá yé ọ, ìyókù kò ní dùn mọ́ ọ. Electron mẹ́fà kan wà tí carbon mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ ni ín, tí wọ́n tẹ́ sí òkè òrùka àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé carbon méjì-méjì pín wọn bí a ṣe máa ń yà á sójú bọ́ọ̀dù. Bí o bá fi hydrogen kún cyclohexene, tó ní ìdè onílọ̀ọ́po méjì kan, ooru tí yóò jáde tó 120 kJ lórí mole kan. Bí benzene bá ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lóòótọ́, 360 ló yẹ kó mú jáde. 208 ló ń mú jáde. Nǹkan bí 150 kJ tí a kò rí yẹn ni òrùka náà fi dúró ṣinṣin, ẹni tó bá sì fẹ́ da electron wọ̀nyẹn rú ni yóò san án. Lẹ́yìn èyí, electron tó bo òrùka lókè-nísàlẹ̀ tún ń lé nucleophile sẹ́yìn, nítorí electron kì í fẹ́ sún mọ́ electron. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà kan, kí ilé iṣẹ́ tó lè fi sódà kọ́sítíìkì lé chlorine kúrò lára chlorobenzene láti rí phenol, wọ́n ní láti gbé ooru rẹ̀ dé nǹkan bí 350 °C nínú ìkòkò irin tí ìfúnpá inú rẹ̀ ga gan-an. Sódà kan náà tí àwọn olóṣẹ ń rà lọ́jà nìyẹn o.

Ní 1957, Ernst Otto Fischer àti Karl Öfele ní Jámánì ṣe benzene tí chromium gùn lórí, tí CO (carbon monoxide) mẹ́ta sì so mọ́ chromium náà. Nígbà tó di 1959, Nicholls àti Whiting fi hàn pé bí chlorobenzene bá wà nínú irú ìdìpọ̀ yìí, methoxide, tó jẹ́ nucleophile, nínú methanol tó ń hó lásán ń lé chlorine rẹ̀ jáde. Nǹkan bí 65 °C ni methanol ń hó. Fi ìyẹn wé 350. Látìgbà náà ni àwọn oníkẹ́mísìrì ti ń fi agbára chromium tó gbé CO mẹ́ta yìí wé ti nitro kan tó wà ní ipò kẹrin.

Fojú inú wo àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá alákàrà ń jókòó lé: ojú ìjókòó ni benzene, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni CO, chromium sì wà ní ibi tí ẹsẹ̀ àti ìjókòó ti pàdé. Òrùka mú electron mẹ́fà wá, chromium ní mẹ́fà tirẹ̀, CO kọ̀ọ̀kan mú méjì wá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18, iye tó máa ń tẹ́ irú mẹ́táàlì bẹ́ẹ̀ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ìdìpọ̀ náà kì í fi í tú ká, tó fi ṣeé kó sínú ìgò kékeré. Ṣùgbọ́n CO ni ẹ̀rọ inú ọ̀rọ̀ yìí. CO ń gba electron lọ́wọ́ chromium, chromium náà sì ń fa ti òrùka láti fi dí àlàfo. Èyí kì í ṣe àbá lásán. CO tó dá wà ń gba ìtànṣán infrared ní 2,143 cm⁻¹. Bó bá ti wọ inú ìdìpọ̀ yìí, nọ́ńbà náà á já wálẹ̀ sábẹ́ 2,000. Ìdè inú CO ti rọ̀ nìyẹn, torí electron mẹ́táàlì ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ infrared lè fi ojú rí ọ̀nà tí electron gbà.

Òrùka kò fọ́ o. Carbon mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì so mọ́ra, òrùka ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ, ìgbà tí a bá sì yọ chromium kúrò, benzene a máa jáde ní odindi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nucleophile bá kọlù ú ni pé ó máa ń kọ́kọ́ so mọ́ carbon kan, carbon yẹn á sì ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀ kúrò láàárín ẹgbẹ́, mẹ́táàlì á di márùn-ún tó kù mú. Bí chlorine tàbí fluorine bá wà lórí carbon yẹn, á jáde, òrùka á sì padà sípò. Fluorine tilẹ̀ máa ń yá ju chlorine lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, nítorí wọ́n ti há a sórí pé ìdè fluorine le. Ìdè náà le lóòótọ́, ṣùgbọ́n jíjáde chlorine tàbí fluorine kọ́ ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, bíkòṣe wíwọlé nucleophile, fluorine sì ń fa electron kúrò lára carbon tó gbé e débi pé nucleophile tètè ń rí àyè.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ kò sí nínú ìbéèrè rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣàì sọ ọ́. Chromium bo ojú kan òrùka pátá, nítorí náà ojú kejì nìkan ni nucleophile lè gbà wọlé. Ìyẹn túmọ̀ sí pé a lè yan ẹ̀gbẹ́ tí ohun tuntun yóò dúró sí, èyí tí benzene lásán kò lè fún ẹnikẹ́ni. Láàárín àwọn ọdún 1970, Martin Semmelhack ní Amẹ́ríkà tún fi hàn pé kò tiẹ̀ dìgbà tí chlorine bá wà níbẹ̀: carbanion tó lágbára, ìyẹn nucleophile tó jẹ́ carbon ló gbé electron rẹ̀, lè so mọ́ òrùka tó ní hydrogen nìkan. Bí o bá wá da iodine sí i, hydrogen á kúrò, wàá rí benzene tó ti ní ẹ̀ka tuntun.

Mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ìdìpọ̀ yìí nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì, nítorí náà mo lè sọ bó ṣe ń rí. Èròjà tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ni Cr(CO)₆, chromium tó gbé CO mẹ́fà, kóró funfun. A ó dà á pọ̀ mọ́ benzene tí a fẹ́ lò nínú dibutyl ether tí a fi THF díẹ̀ lú (omi tí a fi ń yọ́ nǹkan ni méjèèjì), a ó sì máa sè é nínú gáàsì nitrogen fún odidi ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé Cr(CO)₆ kì í dúró sínú ìgò. Ó ń di oru láìyọ́, ó ń gòkè lọ dì sára condenser, ọ̀pá tó ń mú oru tutù lókè ìgò, ní funfun, bí a kò bá sì ṣọ́ra, yóò dí i. Nítorí rẹ̀ ni THF ṣe wà níbẹ̀: oru THF ń tutù lókè, ó ń ṣàn padà, ó sì ń fọ funfun yẹn wálẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni omi inú ìgò yóò di àwọ̀ ìyeyè. Bí atẹ́gùn bá ráyè wọlé, yóò di àwọ̀ ewé dípò rẹ̀, ìdọ̀tí á sì sọ̀ sísàlẹ̀. Ìyẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí a fẹ́ yọ chromium kúrò, a lè fi iodine tàbí iyọ̀ cerium lé e. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a tú u sínú ether, kí a ṣí ẹnu ìgò sílẹ̀, kí a gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Àwọ̀ ìyeyè yóò máa parẹ́, ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ yóò sì sọ̀. Sẹ́ ẹ, ohun tí o ń wá wà nínú omi tó mọ́ gaara.

Palladium kì í gun orí òrùka, kì í sì fa electron gbogbo òrùka. Ibi kan ṣoṣo ló ń bá ṣiṣẹ́: ìdè tó wà láàárín carbon àti iodine, tàbí carbon àti bromine. Palladium tí kò tíì sọ electron kankan nù ń wọ àárín àwọn méjèèjì, ó ń yà wọ́n, á wá so carbon mọ́ ọwọ́ kan, iodine mọ́ ọwọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, èròjà kejì, bíi boronic acid, á gbé ẹ̀ka tirẹ̀ lé palladium lọ́wọ́ ní ipò iodine. Ẹ̀ka méjèèjì á wá so pọ̀, wọn á sì fi palladium sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó lè lọ mú òmíràn. Nítorí náà, bó ti jẹ́ pé chlorine tàbí iodine ló ń kúrò níkẹyìn nínú ọ̀ràn méjèèjì, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀ gédégédé. Chromium ń yí ìwà odindi òrùka padà, ó sì ń fi nucleophile sílẹ̀ kó ṣe iyòókù. Palladium ò yí ìwà òrùka padà, ó ń ṣe alárinà níbi ìdè kan. Akira Suzuki, Richard Heck àti Ei-ichi Negishi ló gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ palladium yìí ní 2010. Bí bàbá ẹnikẹ́ni ládùúgbò rẹ bá ń lo losartan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, òrùka benzene méjì tó so mọ́ra wà nínú oògùn yẹn, ọ̀nà Suzuki sì wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ fi so wọ́n pọ̀.

O lè wá béèrè pé kí ló dé tí palladium fi gbilẹ̀ tí chromium ò gbilẹ̀. Palladium kan lè so ọgọ́rùn-ún òrùka tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ń kúrò lára èyí tó ti ṣe tán láti lọ mú òmíràn. Ti chromium, òrùka kan, mẹ́táàlì kan ni. Ó di òrùka mú dáadáa débi pé kì í fẹ́ já kúrò lára èyí tó ti ṣe tán láti lọ gun tuntun. Èyí gan-an ni ìṣòro tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń bá jà títí dòní. Wọ́n ti ń gbìyànjú ruthenium, àwọn kan sì ti mú kó máa kúrò lára òrùka kan lọ mú òmíràn, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń gba ooru púpọ̀ àti àkókò gígùn. Bó bá jẹ́ agbára ni o ń wá, ìdìpọ̀ manganese, irin àti ruthenium tó ní agbára iná rere ń fa electron ju ti chromium lọ. Oríṣi kẹta tún wà tí ìwé yín lè má mẹ́nu kàn. Dean Harman ní Yunifásítì Virginia lo osmium tó kún fún electron, tó di carbon méjì péré mú nínú mẹ́fà, tó sì ń kó electron sínú òrùka dípò kó máa fà á. Òrùka náà á wá gbàgbé pé benzene ni òun, á máa hùwà bí alkene, èròjà tó ní ìdè onílọ̀ọ́po méjì lásán. Ó wú mi lórí, àmọ́ osmium wọ́n, kì í sì í ṣe ohun tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ń fọwọ́ kàn. Ti mẹ́táàlì tó ń gé hydrogen fúnra rẹ̀ kúrò lára òrùka, bíi ruthenium tí Shinji Murai àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní 1993, ìtàn mìíràn gbáà ni.

Ẹ̀rù tó ń ba àbúrò bàbá rẹ ní ìdí. Chromium inú ìwẹ̀ tí wọ́n fi ń bo irin, tó ti sọ electron mẹ́fà nù, ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí à ń sọ yìí kò tíì sọ ọ̀kankan nù, nítorí náà ìwà wọn kò jọra. Ṣùgbọ́n má ṣe torí ìyẹn fọkàn balẹ̀. Cr(CO)₆ ń di oru, ó lóró, bó bá sì tú ká, CO ló ń jáde, gáàsì kan náà tó ń pa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́jú. Ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó ń kù náà kò gbọ́dọ̀ bá kòtò omi lọ. Ọ̀sà ni gbogbo ìdọ̀tí Ìkòròdú ń já sí, ibẹ̀ náà la ti ń rí ẹja jẹ.

Lórí project, èmi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o fi chromium ṣe é. Iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ máa hó fún ọjọ́ méjì láìdáwọ́ dúró, ládùúgbò tí wọ́n ti lè mú iná lọ nígbàkugbà, tí omi tó ń tu condenser ń ti ara ẹ̀rọ tó ń lo iná wá, wàhálà lásán ni. Bí nitrogen bá tán lóru, tàbí tí omi dúró, Cr(CO)₆ á jáde sínú yàrá. Ohun tí mo lè fọwọ́ sí ni ti Suzuki: 4-iodophenol àti phenylboronic acid, potassium carbonate, palladium tó wà lórí èédú díẹ̀, nínú omi, kí o sì máa mú un gbóná díẹ̀. Kò nílò nitrogen. Bó bá ti tutù, fi acid sí i, ohun tó sọ̀ ni 4-phenylphenol, tó ń yọ́ ní nǹkan bí 164 sí 166 °C. Kóró rẹ̀ funfun. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nígbà tí ooru ṣì kéré gan-an sí èyí, kò tíì mọ́. Ó ṣeé ṣe kí biphenyl wà nínú rẹ̀, èyí tó ń wá nígbà tí boronic acid méjì bá so mọ́ra wọn, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń yọ́ ní nǹkan bí 70. Má gbàgbé láti ṣe ọ̀kan tí kò ní palladium rárá, kí o lè fi hàn pé palladium ló ṣiṣẹ́ náà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, lo 4-bromophenol dípò 4-iodophenol, kí o tún lo 4-chlorophenol, kí o rí i bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan tó láti kún orí ìwé kan. Nígbà tí o bá sẹ́ ẹ, má jẹ́ kí palladium orí èédú gbẹ lórí pépà ìsẹ́; ó lè gbiná fúnra rẹ̀. Jẹ́ kó tutù, kó o pa á mọ́ sínú omi, torí owó ni. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tí o ṣe fẹ́ di oògùn lọ́jọ́ kan, mọ̀ pé ìlànà oògùn káríayé kò gbà kí palladium tó ń gba ẹnu wọlé sínú ènìyàn ju 100 microgram lọ lójúmọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé yíyọ mẹ́táàlì kúrò jẹ́ iṣẹ́ tó dá dúró.

Bí ọkàn rẹ bá ṣì wà lọ́dọ̀ chromium, fi kọ̀ǹpútà ṣe é. ORCA, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò kẹ́mísìrì, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fi ṣírò electron tó wà lórí carbon kọ̀ọ̀kan nínú chlorobenzene lásán, nínú èyí tó ní nitro, àti nínú èyí tí chromium gùn, kí o fi wọ́n wéra. Kò ní dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ìgò yóò sọ fún ọ ní gbogbo ọ̀nà, torí ìṣirò kì í mọ ìwà omi inú ìgò tán, ṣùgbọ́n ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ á hàn kedere. Bí olùdarí rẹ bá wá ní àfi dandan kí o fi ọwọ́ ṣe ti chromium, béèrè lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ibi tí èéfín fume hood yín, àpótí tó ń fa èéfín kúrò ní láàbù, ń jáde sí. Bó bá jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń jáde sí, kọ̀ ọ́.